Ìdí tí ọmọ ogun fi ń jókòó sórí irin tí wọ́n ṣe kó lè jókòó sínú rẹ̀

Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi láti Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọ wọn ọkùnrin wà lára àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: “Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún jókòó sórí ọkọ̀ onírin, ẹsẹ̀ wọn ń mì dirodiro bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó gun ọkọ̀ agbégi. Ìjọba ra irin kí ọta má bàa bà wọ́n, wọ́n wá lọ jókòó síta. Mo bi í, ó ní inú ọkọ̀ ló léwu jù. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi ọ̀rọ̀ tù mí? Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú nǹkan náà látàárọ̀ dalẹ́?”

Ìyá, ẹ kú àìsùn, ẹ kú àdúrà. Ọmọ yín kò purọ́ fún yín. Àmọ́ ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́ lórí gbogbo ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, nítorí ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi í nígbà tó bá tún pè yín. Ọdún 19 ni mo fi wa blindé, ìyẹn irú ọkọ̀ onírin tí ọmọ yín jókòó lé yẹn, tí mo sì fi ń tún un ṣe, nílé àti lẹ́nu iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lókè òkun, kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Kétu níbí. Mo ti jókòó sínú rẹ̀, mo ti jókòó sórí rẹ̀. Kò sí ibi tó rọrùn nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á rò pé ilé olódi ni. Irin rẹ̀ kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. BTR-80 tí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe, tó ní táyà mẹ́jọ, irin ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 10 lọ. Ìka ọwọ́ yín tó kéré jù fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. M113 ti Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 1960 tó sì wà lójú ogun títí dòní, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ kó lè fúyẹ́, kó lè léfòó lórí omi. Ọta ìbọn kékeré àti èéfọ́ irin tó ń fò látinú àdó olóró tó bú níta ni wọ́n ṣe ara ọkọ̀ wọ̀nyí láti dá dúró. Kí ó lè gbé ènìyàn la ibi tí ìbọn ti ń dún kọjá, kó sì sọ ọ́ kalẹ̀ láàyè, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní oṣù Kẹjọ 1944, ní Normandy, àwọn ọmọ ogun Kánádà yọ ìbọn ńlá kúrò lára àwọn ọkọ̀ ogun kan kí wọ́n lè kó ènìyàn sínú rẹ̀. Wọ́n sọ ọkọ̀ náà ní Kangaroo, orúkọ ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ohun tó ń sọ. Àpò ikùn ni. Kì í ṣe odi.

Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbé léjìká, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí RPG-7, bá ba irú irin bẹ́ẹ̀, yóò dá ihò kékeré lu níta, iná tó gbóná janjan á sì gba ihò náà tú sáàárín àwọn tó jókòó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014, ní Gásà, ọmọ ogun Ísírẹ́lì méje ló kú nínú M113 kan ṣoṣo lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ohun tó lé ọmọ yín jáde sórí òrùlé kì í ṣe òun. Abẹ́ ọkọ̀ ni ó ti ń wá.

Àdó olóró tí wọ́n rì sójú ọ̀nà kò nílò kí ẹnikẹ́ni dojú ìbọn kọ yín. Ọkọ̀ gùn ún, ó bú. Bí ìdí ọkọ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo agbára yẹn ló máa gbá ilẹ̀ inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ á ta sókè. Ẹsẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ yẹn, eegun rẹ̀ á fọ́. Ẹ̀yìn ẹni tó jókòó á gba ìyókù. Bí ọmọrí òkè bá tì pa, afẹ́fẹ́ ìbúgbàù tó bá ráàyè wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde, á sì máa gbá inú ẹ̀dọ̀fóró àti etí. Ẹni tó wà lókè ńkọ́? Yóò gbé e jù sínú igbó. Apá rẹ̀ lè kán, ìhà rẹ̀ lè kán. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló dìde, tó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíì.

Nígbà ogun Fiẹtnámù, M113 gba awakọ̀ àti ọ̀gá ọkọ̀ níwájú, ó gba ènìyàn 11 lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí àwọn 11 náà fi kó jáde. Wọ́n to àpò yanrìn sí ilẹ̀ inú ọkọ̀, àwọn fúnra wọn sì gun òkè. Àwọn awakọ̀ kan tilẹ̀ so irin gígùn mọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, kí àwọn náà lè máa wà á láti orí òrùlé. Lẹ́yìn náà ni Rọ́ṣíà wọ Afganísítáánì, láti oṣù Kejìlá 1979 di oṣù Kejì 1989. Àwọn ọmọ ogun wọn ní BTR àti BMP, ọkọ̀ mìíràn pátápátá, èdè mìíràn, ọ̀gá mìíràn. Àwọn náà gun orí òrùlé. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà kò bára wọn sọ ọ́. Àdó abẹ́ ilẹ̀ kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì. Ti BMP-1 tún le díẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì tí ọmọ ogun ń gbà jáde ṣófo nínú, epo ni wọ́n ń rọ sínú wọn. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, èmi tí mo jẹ́ mẹkáníìkì, n kò sì tíì rí ìdí tí ọkàn mi fi lè gbà á.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín sọ pé inú ọkọ̀ ló léwu jù, ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló sọ.

Òkè náà kò sì ṣàìní ikú tirẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kíní 1963, ní Ap Bac ní gúúsù Fiẹtnámù, M113 já wọ pápá ìrẹsì lọ bá àwọn tó gbẹ́ kòtò sápá kejì. Ayìnbọn inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ láti àyà dé orí kó tó lè yin ìbọn ńlá tó wà lókè. Àwọn tó wà nínú kòtò ń yìn wọ́n lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìròyìn ọjọ́ náà sì sọ pé àwọn ayìnbọn tó kú tó 14. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í de irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà kó lè bo àyà ẹni tó ń yìn ín. Ìdí nìyí tí ọ̀gá ọkọ̀ tó gbọ́n fi máa ń wo ojú ọ̀nà láràárọ̀: níbi tí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ tí ọ̀nà sì jẹ́ yẹ̀pẹ̀, ẹ̀rù abẹ́ ilẹ̀ ló pọ̀ jù, a gun òkè; níbi tí igbó bá fún mọ́ ọ̀nà, ẹ̀rù ìbọn ló pọ̀ jù, a wọlé. Ọmọkùnrin tí ẹ rí nínú fọ́tò yẹn lè ti wọlé, kó sì ti jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, ìbéèrè tí mo ní kí ẹ bi í: “Ìdí ọkọ̀ yín, ṣé pẹrẹsẹ ni, àbí ó ṣe ṣóńṣó?”

Ẹ ti rí ọkọ̀ ojú omi tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, bó ṣe máa ń la omi sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ló mú irú ìdí bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ ogun dáadáa, lára ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Casspir. Wọ́n gbé e ga kúrò nílẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí àdó bá bú lábẹ́ rẹ̀, agbára náà á pín sí ẹ̀gbẹ́ méjì, kò ní rí ibi pẹrẹsẹ gbá. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2007, tí àdó ojú ọ̀nà ń pa àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Ìráàkì, irú èyí ni wọ́n sáré ra lọ́pọ̀ yanturu. Nínú àwọn tó dára lára wọn, àga kì í dúró lórí ilẹ̀ ọkọ̀. Ara ògiri tàbí òrùlé ni wọ́n so ó mọ́, kí ilẹ̀ lè ta sókè láìgbá ènìyàn. Bẹ́líìtì sì wà lára rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ òfúrufú.

Bí ó bá dáhùn pé pẹrẹsẹ ni, ẹ fi í sílẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí ó bá ní ṣóńṣó ni, tí ó sì ní àga tó so rọ̀, ẹ sọ fún un pé bàbá kan ní Kétu ní kó wọlé, kó de bẹ́líìtì rẹ̀. Lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àṣà òrùlé ti di ewu. Ó ga, ó wúwo lókè, ó sì máa ń tètè dojú dé ní etí kòtò tàbí lórí afárá tí kò lágbára. A ní ìlànà kan fún èyí tí gbogbo wa máa ń fi ṣe ìdánrawò títí yóò fi wọ ara: bí awakọ̀ bá ti pariwo pé ọkọ̀ ń yí, ẹni tó sún mọ́ ayìnbọn jù á di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, á fà á wọlé, kò ní bi í léèrè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, bí màlúù tó fẹ́ sùn, ọmọ tí wọ́n fà wọlé náà dùbúlẹ̀ lé àyà ẹni tó fà á, àwọn méjèèjì ń mí. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ yẹn ni, irin tó wúwo tó tọ́ọ̀nù bíi mélòó kan ì bá ti gé e sí méjì. Àwọn méjèèjì kò fìgbà kan fẹ́ràn ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ní ti ohun tí wọ́n ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́, ìyá, iṣẹ́ ilé ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ rò nìyẹn.

Kí oòrùn tó yọ, awakọ̀ ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Á wo epo ẹ́ńjìnnì, á wo omi, á wo bóyá nǹkan ń jò sílẹ̀. Á fọwọ́ pa nọ́ọ̀tì táyà kọ̀ọ̀kan. Lára ọkọ̀ tó ń rìn lórí ṣéènì bíi ti katapílà, iṣẹ́ náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ṣéènì tó bá dẹ̀ a máa bọ́, èyí tó bá le jù a máa já. Ìgbà tó bá sì bọ́, inú ẹrẹ̀ ni ó máa ń bọ́ sí, níbi tí ẹ kò fẹ́ dúró. Ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin ló ń fi irin gbọọrọ gbé e padà, ẹlòmíì sì dúró ti ìbọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, òjò ń rọ̀, mo fojú wo nọ́ọ̀tì, n kò fọwọ́ pa á. Táyà wa ọ̀tún ẹ̀yìn yọ lójú ọ̀nà, a sì dúró síbẹ̀ láti ọ̀sán di ilẹ̀ ṣú, a ń wo igbó. Kò sí ohun tó ṣe wá. Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó kàn ní kí n ka orúkọ àwọn mẹ́sàn-án tó wà nínú ọkọ̀ fún òun, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó sùn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń pa nọ́ọ̀tì, orúkọ ènìyàn ni mo fi ń kà á.

Ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ní Malanville, ní àríwá lọ́hùn-ún, ní oṣù Kẹta sí ìkẹrin, ojú ọjọ́ níta a máa dé ìwọ̀n 40. Ẹ wá fi irin bo ènìyàn mẹ́wàá pọ̀, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nínú M113, ọwọ́ òsì níwájú ni awakọ̀ wà, ẹ́ńjìnnì wà lọ́tùn-ún rẹ̀, kò sí ju ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ blindé lọ́sàn-án, mo ká a kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò lórí iná. Òógùn a máa ṣàn wọ bàtà. Omi tí wọ́n bù fún wa á gbóná tó omi ìwẹ̀. Òórùn ara, òórùn dísẹ́ẹ̀lì, òórùn gíríìsì, òórùn ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn; bí ẹ bá fọ aṣọ ọmọ yín nígbà tó bá wálé, ẹ ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ẹ̀.

Àwọn tó jókòó lẹ́yìn kì í rí nǹkan kan. Eékún kan eékún, ìbọn wà láàárín ẹsẹ̀, ojú wọn ń wo ojú ara wọn. Wọ́n ń mọ ọ̀nà nípa bí ara wọn ṣe ń mì: èyí òkúta, èyí kòtò, èyí omi. Èébì a máa gbé àwọn kan. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, gbogbo ọ̀rọ̀ á dákẹ́, wọn á máa wo ẹsẹ̀ ayìnbọn tó dúró láàárín wọn, nítorí orí rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ìròyìn tí wọ́n ní. Bí ẹsẹ̀ náà bá dẹ̀, ara wọn á balẹ̀. Bí orúnkún rẹ̀ bá le gbagidi, olúkúlùkù á di ìbọn rẹ̀ mú. Awakọ̀ náà kò sàn jù wọ́n lọ bí ọmọrí bá bò ó. Jígí kéékèèké ló fi ń wo ọ̀nà, àwọn jígí yẹn kò sì fi ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀ hàn án. Ọ̀gá ọkọ̀ ni ojú rẹ̀. “Òsì díẹ̀. Òsì. Dúró.” Ẹ ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà lójúmọ́.

Ní ìhà àríwá wa, láti oṣù Kíní 2022 tí iṣẹ́ Mirador, èyí tí àwọn ọmọ ogun wa fi ń ṣọ́ àríwá, ti bẹ̀rẹ̀, àdó ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Oṣù Kejì ọdún yẹn ni àwọn olùṣọ́ igbó ọba kó sí i nínú Pààkì W. Ti oṣù Kẹrin 2025, tí àwọn agbébọn kọlù wọ́n tí ọmọ ogun 54 fi lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ ti gbọ́, n kò ní tún un sọ. Nítorí àdó ojú ọ̀nà ni ọ̀nà kìlómítà díẹ̀ fi lè gba gbogbo òwúrọ̀. Ọkọ̀ ẹ̀yìn á máa tẹ ojú ẹsẹ̀ táyà ti iwájú gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n á jìnnà sí i. Níbi tí omi bá gba abẹ́ ọ̀nà kọjá, tàbí tí yẹ̀pẹ̀ bá jọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn ṣáájú, ojú á máa wá ilẹ̀. Ẹni tó wá láti oko máa ń dára nínú iṣẹ́ yìí ju ọmọ ìgboro lọ. Ó mọ ilẹ̀ tí òkété gbẹ́ yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́. Bí ọmọ yín bá ti bá bàbá rẹ̀ roko ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó ti ní ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ológun kò lè fún un.

Ìyókù jẹ́ ìdúró. Ìdúró ló pọ̀ jù nínú ogun. Wọ́n ń sè nǹkan jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Agolo oúnjẹ tí wọ́n fi ti ẹ́ńjìnnì á gbóná fúnra rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ fi ohun ìse omi oníná mọ̀nàmọ́ná sínú ọkọ̀ ogun wọn, kí ọmọ ogun lè mu tíì láìjáde síta, nítorí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ níbi tí wọ́n ti jáde lọ dáná. Mo gbóríyìn fún ẹni tó ronú kan ìyẹn. Bí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ènìyàn níbi tí kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́.

Lóru, ẹnì kan á wà nídìí ìbọn, ẹnì kan nídìí rédíò, ìyókù á sùn. Nígbà ọyẹ́, orí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ni wọ́n ń jà sí, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di òru. Ohun kan tí awakọ̀ àgbà kì í gbà láyè ni kí ẹnikẹ́ni sùn sábẹ́ ọkọ̀, kódà bí òjò bá ń rọ̀. Ilẹ̀ tó bá rọ̀ a máa jẹ́ kí ọkọ̀ rì díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní jí. Bí ó bá tún pè yín, ẹ lè bi í pé níbo ló ń sùn.

Àwa ará Kétu ní ọ̀rọ̀ tiwa lórí odi. Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè odi wa àtijọ́, ṣì dúró sẹ́nu ìlú, àwọn àlejò ń wá yà á ní fọ́tò, inú wa sì ń dùn sí i. Síbẹ̀, lọ́dún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhómì wọ ìlú yìí, ebi sì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nínú odi kí wọ́n tó wọlé. Ìyá mi àgbà máa ń sọ ọ́ fún wa bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ inú blindé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ wa, ìtàn yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn, n kò sì fìgbà kan gbàgbé láti wo ibi tí mo máa gbà jáde kí n tó jókòó. Mo kọ́ gbogbo ọmọ tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi bẹ́ẹ̀: ẹ di ojú yín, ẹ fi ọwọ́ wá ohun ìṣílẹ̀kùn. Títí wọ́n á fi lè rí i nínú òkùnkùn, pẹ̀lú èéfín.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò béèrè. Ariwo inú M113 tó ń sáré máa ń ju ìwọ̀n décibel 100 lọ, àwọn ọkọ̀ yòókù kò sì dákẹ́ jù ú lọ. Ìbọn tó wà lókè tún lé e. Ọmọdé ń rò pé etí kì í tán, á ṣí ohun ìbotí rẹ̀ kúrò nítorí òógùn, tàbí kó lè gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń lọ sọ́hùn-ún, ẹ fi fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí ránṣẹ́ sí i, kì í wọ́n, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó lè fi bo imú nítorí eruku kún un. Bí ó bá ń kígbe sí yín lórí fóònù, tàbí tí ó dáhùn ohun tí ẹ kò bi í, ẹ tún un sọ fún un ní ẹ̀sọ̀. Ọdún méje ni mo ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó mi ṣì ń wá dúró síwájú mi, kó rí i pé mo ń wo ẹnu òun, kó tó sọ̀rọ̀.